Àgbàdo Tí Ẹyẹ Kò Fẹ́ Jẹ

"Má mí," Bàbá sọ sí mi létí.

Mo pa ẹnu mọ́. Àwa méjèèjì dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi kan tó ti fọ́, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sí etí ọgbà. Yanrìn ti wọ̀ mí láṣọ, èèrà kan sì ń gun ẹsẹ̀ mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ mira. Níwájú wa, lábẹ́ igi gúáfà, àgbàdo tí Bàbá fọ́n wà nílẹ̀ rẹrẹ. Àdàbà kan bà sórí ẹ̀ka. Ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ojú Bàbá kò kúrò lára rẹ̀. Àfi pìrì, ó ti fò lọ!

"Ó tún lọ," ni Bàbá wí. Wọ́n gbọn yanrìn kúrò láyà, wọ́n sì di orúnkún mú kí wọ́n tó lè dìde.

Ẹ̀rín là wá gbọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyàwó wọn, tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń pè ní Ìyá, ló ń sẹ́ ògì níbẹ̀. Èèrí tí wọ́n dà sílẹ̀ ni ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ bò bí ẹni ń ná ọjà. Ìyá ń jan igbá mọ́lẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń bú ewúrẹ́, kò sí ẹyẹ tó bìkítà.

"Bàbá, ẹ wá yá díẹ̀ lọ́wọ́ mi," ni Ìyá pariwo. "Tèmi ti pọ̀ jù!"

Bàbá tún bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan, wọ́n fọ́n ọn.

Ilé wọn ló fara ti tiwa ní Ọ̀jọ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti máa ń gbé òórùn ẹja yíyan wọlé bá wa láàárọ̀. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Bàbá Alátè ni wọ́n ń pè wọ́n lẹ́yìn, torí iṣẹ́ àtè ni wọ́n fi jẹun láti kékeré. Oje igi ni àtè. Wọ́n á sè é títí á fi ki, tí á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, wọ́n á wá fi kun ẹ̀ka tí ẹyẹ fẹ́ràn. Ẹyẹ tó bá bà á, ó parí nìyẹn. Láti igbó Ìbà títí dé apá Okokomáìkò, kò sí igi eléso tí Bàbá ò mọ̀.

Ìgbà tí orúnkún kọ iṣẹ́ fún wọn ni wọ́n jókòó sílé. Wọ́n da ìkòkò àtè sínú ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ilé dákẹ́ jù fún wọn, ẹni tó ti fi gbogbo ayé gbọ́ igbe ẹyẹ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n àgbàdo. Wọn ò fẹ́ mú ẹyẹ kankan mọ́. Kí ẹyẹ kan ṣáà jẹun níwájú àwọn, ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn.

Ẹyẹ ò jẹ ẹ́. Òjò á pa àgbàdo náà, á hù, á gùn bí èékánná, a ó tún gbá a dànù. Ọjọ́ tí a ń gbá irú ẹ̀ kan ni Bàbá dúró, tí wọ́n fi ara ti igi gúáfà.

"Ọmọ mi, wọ́n mọ̀ mí."

"Ta ni, Bàbá?"

"Àwọn ẹyẹ. Wọ́n mọ ohun tí mo fojú wọn rí. Màá kú, wọn ò ní foríjì mí."

Ìyá ló gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. "Ẹ̀hẹn! Èwo nínú èyí tí ẹ mú ló padà sílé lọ ròyìn?"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyá rí ojú wọn, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n sún mọ́ wa.

"Ẹ gbọ́. Tàná kọ́ ni wọ́n ń sá fún, tòní ni. Ẹ sùn sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ dákẹ́ bí ejò, ẹ tẹjú mọ́ wọn. Ta ló ń wo ẹyẹ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ pa á jẹ?"

"Báwo wá ni ìwọ ṣe ń wò wọ́n?"

"Èmi ò wò wọ́n. Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá gbé àpótí sábẹ́ gúáfà, wọ́n sì gbé igbá ẹ̀gúsí lé Bàbá lẹ́sẹ̀.

"Èmi? Kí n máa bó ẹ̀gúsí?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ìwọ ọmọ yìí, tí ẹnu rẹ kì í dákẹ́, jókòó tì wọ́n. Máa sọ̀rọ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí àgbàlagbà bẹ̀ mí kí n sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo sọ̀rọ̀ títí. Mo sọ ti olùkọ́ wa, mo sọ ti ewúrẹ́ tó wọ kíláàsì tó jẹ fìlà rẹ̀. Bàbá ń bó ẹ̀gúsí, ó ń dún pẹ́, pẹ́, ìdajì rẹ̀ ń fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ wọn apẹja kan ń gbé àjẹ̀ kọjá, ló bá dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó ilé! Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ọkọ mi ń sẹ́ ògì," ni Bàbá fèsì. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, títí kan Ìyá.

A ṣe é, pẹ̀lú àgbàdo nílẹ̀ níwájú wa, fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, tí ilẹ̀ ń rùn dáadáa, àdàbà kan fò sílẹ̀ láti orí gúáfà.

"Bàbá, ó ti sọ̀."

Ọwọ́ wọn dúró. "Má dákẹ́," wọ́n ní. "Kí ni olùkọ́ wá ṣe?"

"Ó ní ká so ó mọ́ òpó... ó ń bọ̀, Bàbá... a wá wá okùn... ó ti dé ìdí rẹ̀..."

"Ewúrẹ́ ni àbí àdàbà?"

"Àdàbà ni."

"Ṣé ó ń jẹ?"

"Ó ń jẹ."

"Àgbàdo mi?"

"Àgbàdo yín ni, Bàbá."

Wọn ò gbójú sókè. Mo rí i pé ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ń bó. Ìyá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, omi ògì ń kán lọ́wọ́ wọn.

"Ìwọ náà má dákẹ́!" ni Bàbá wí, ilẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wò. "Sẹ́ ògì rẹ!"

Bàbá Alátè àti Ìyá ti papò dà báyìí. Èmi náà ti di géńdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mi ò jìnnà. Mo sá kúrò nílé ìwé, mo lọ ń ru ẹrù ní Àpápá, mo sì fi làálàá bàbá tó bí mi lọ́mọ ṣòfò. Nígbà tí mo padà sí Ọ̀jọ́, ojú ń tì mí. Mò ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mò ń jókòó jẹ́jẹ́, mò ń wo ojú bàbá mi, bóyá ìbínú wọn ti rọ̀. Bí mo bá ti wò wọ́n, wọ́n á dìde kúrò níbẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó rí ohun tí mò ń ṣe: bí Bàbá Alátè ṣe ń wo ẹyẹ ni mò ń wò wọ́n. Ní báyìí, láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń kí wọn ní ohùn rara. Mo máa ń mú àdá, kí n ro ẹ̀yìn ilé, kí n máa sọ ti òjò àti ti ẹja, wọn ì báà má dáhùn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti foríjì mí, mi ò sì tíì bi wọ́n. Ṣùgbọ́n lánàá, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ tí mò ń bẹ́ koríko, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń wọ́ àga jáde lẹ́yìn mi. Àga náà dúró. Bàbá mi wúkọ́, wọ́n jókòó.

Mi ò wẹ̀yìn. Mò ń bẹ́ koríko mi lọ, mò ń sọ̀rọ̀.