Omi Àdúrà Tí A Kò Sè

Bí mo bá gbọ́ òórùn èéfín igi tútù lábẹ́ ìkòkò omi, abúlé kan létí odò, lẹ́yìn Ìbíadé, ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Ọmọ yunifásítì ni mí nígbà náà ní Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà ìsinmi, nọ́ọ̀sì àgbà kan mú mi dání lọ síbẹ̀ kí n lè bá a kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe máa dènà ìgbẹ́ gbuuru. Òun ń wọn àwọn ọmọ níta, èmi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé: ẹ se omi kí ọmọ tó mu ún. Mo ya ìkòkò àti iná sára páálí ńlá kan, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo lọ̀ dáadáa, mo sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni mo mú iná wá sáyé.

“Tíṣà,” ni obìnrin kan tó máa ń yan ẹja tà bi mí, “ta ní ń se omi tìrẹ nílé?”

“Ìyá mi ni.”

“Ẹ ò rí i! Kí ìyá rẹ̀ kúkú wá kọ́ wa!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ta mí lára.

Ẹ̀yìn pátápátá ni ìyá ọ̀dọ́ kan jókòó sí nínú aṣọ funfun àwọn Aládùúrà, ọmọkùnrin rẹ̀ sùn sí i láyà. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn. Ó rọra nawọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, omi àdúrà ni ọmọ mi ń mu. Odò la ti ń pọn ọ́n, wòlíì á wá gbàdúrà sí i. Tí mo bá sè é, ṣé agbára rẹ̀ ò ní bá ooru lọ?”

Mo rí ibi tí n óò ti gba iyì mi padà. “Ìyá, ṣé áńgẹ́lì ń sá fún iná ni?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ bo orí ọmọ náà, ó wolẹ̀. Èmi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀.

Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kò rí i láàárín wọn. Ìgbẹ́ gbuuru ti pa ọmọ náà. Obìnrin tó ń yan ẹja ló sọ fún wa, kò sì bá mi ṣeré lọ́jọ́ náà. Ó ní omi àdúrà yẹn, láìsè é, ni ìyá rẹ̀ ń fún un títí ó fi kú. Pé òun ti ní kí ìyá ọmọ náà tún wá béèrè lọ́wọ́ wa, àmọ́ ìyẹn ní òun ti béèrè rí.

Nínú ọkọ̀, mo sọ ìbéèrè náà fún nọ́ọ̀sì, mo sọ èsì mi pẹ̀lú. Ó wá bi mí:

“Ṣé o ò lè ní kó kọ́kọ́ sè é nílé, kó tutù, kó tó gbé e lọ fún wòlíì?”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Obìnrin yẹn béèrè. Mo ti darúgbó báyìí ní Òkè-Sopẹn, àwọn ọmọ ọmọ mi kún ilé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bi mí ní ìbéèrè tó pa àwọn yòókù lẹ́rìn-ín, mo máa ń dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó fèsì. Wọ́n ní etí bàbá ti ń di. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀.