Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kọ̀

Ọyẹ́ mú gan-an ní àárọ̀ Sátidé náà. Kùrukùru bolẹ̀, ètè mi là, mi ò sì rí òrùlé mọ́ṣáláṣí tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Irú ọyẹ́ yìí gan-an ló máa ń mú ní Ìlobù nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí. Igi pákí gbígbẹ la fi ń dáná sẹ́yìnkùlé, a ó yí i ká, a ó máa fi òrí pa ẹsẹ̀ tó ti funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó rìn nínú eérú. A máa ń sun iṣu sínú iná náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbálẹ̀ tán ló ń kọ́kọ́ mú, nítorí náà ilẹ̀ gbígbá di ìjà láàárín wa. Mo ti gba ìgbájú rí nítorí pé mo fi ìgbálẹ̀ ẹlòmíràn pamọ́.

Àṣàkẹ́ lorúkọ mi. Ṣùgbọ́n ní agboolé wa, a kì í pe ṣ bí àwọn ará ibòmíràn ṣe ń pè é. S nìkan la mọ̀. Isu la ń jẹ, isẹ́ la ń se, bí osù bá sì lé, osù la ń pè é. Àsàkẹ́ ni mo ń gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, òun náà ni mo gbé lọ sí ilé ìwé.

Tíṣà kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá bi mí lórúkọ. Mo ní, "Àsàkẹ́, sà." Ó ní, "Kí ló ń jẹ́ Àsàkẹ́? Àṣàkẹ́!" Mo tún ní, "Àsàkẹ́." Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ò lè pè é. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè títí ahọ́n mi á fi là. Ibẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi lu aago oúnjẹ. Nígbà tí mo délé tí mò ń sunkún, ìyá bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ní kí o pe orúkọ ẹ, o pè é. Kí ló tún kù? Lọ gbé korobá."

Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nílé ìwé. Kì í ṣe nítorí tíṣà yẹn, oko ló gbà mí. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ẹnì kan bá bi mí lórúkọ níwájú èrò, orúnkún mi á kọ́kọ́ ro mí.

Àbíkẹ́yìn mi, Mùsílíù, wà ní Nọ́wè, nílẹ̀ Òyìnbó. Ibẹ̀ ló ti gbéyàwó. Ìyàwó ẹ̀ ń jẹ́ Solveig. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pè é ní Sọ́lífégì, ó ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó sọ fún mi pé wọ́n kàn kọ gíì ìdí ẹ̀ síbẹ̀ ni, wọn kì í pè é. Sólúfài ni. Àgbà ni, ó fara dà á. Ọmọbìnrin wọn ni kò fara dà á. Ó ti pé ọmọ ọdún méje, mi ò sì tíì fojú kàn án rí àfi nínú fóònù, ní Sátidé Sátidé tí wọ́n máa ń pè mí.

Ní àárọ̀ ọlọ́yẹ́ yẹn, ó dúró lójú fóònù, mo pè é bí mo ṣe ń pè é: "Sásítì, ọmọ mi, sé o jí're?" Ó wojú bàbá ẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan, ó bá tiẹ̀ lọ.

Mo ní, "Kí ló wí?"

Mùsílíù ní, "Màámi, ẹ má dá a lóhùn."

"Mo ní, kí ló wí?"

"Ó ní òun kọ́ lẹ̀ ń pè. Ó ní òun ò ní wá sórí fóònù mọ́, àfi bí ẹ bá pe òun."

Inú ò bí mi. Ó kàn rẹ̀ mí, bíi pé mo ru igi ti oko dé. Bí kò bá wá sórí fóònù mọ́, ibo ni mo ti fẹ́ rí i? Ẹsẹ̀ mi yìí ò lè gun bàálù.

Mo mú fọ́tò ọmọ náà tí wọ́n kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀, mo lọ bá Màmá Táyọ̀, aládùúgbò mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ìfọ́n ni, èmi ọmọ Ìlobù. Ẹni tó bá mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì á mọ̀ pé kò rọrùn ká jọ máa bu iyọ̀ nínú àwo kan. Ṣùgbọ́n a ń bù ú.

Ó wọ awò ojú ẹ̀. Kjersti ni wọ́n kọ síbẹ̀. "Kájẹsítì ni, Ìyá. Bí wọ́n ṣe ń pè é lédè Òyìnbó nìyẹn. K rèé, J rèé."

"Etí mi ò gbọ́ K kankan lẹ́nu ìyá ẹ̀."

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ lọ síléèwé ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ lọ. Èmi ni mo gbọ́ ọ."

Mo fún un ní fóònù, ó wá ohùn Mùsílíù níbi tó ti pe orúkọ ọmọ náà, tó fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí wọ́n bí i. A gbọ́ ọ lágbọ́túngbọ́. Màmá Táyọ̀ bọ́ awò. "Áà! Ṣáṣitì ni. Wọ́n kàn fi K àti J yẹn tan èèyàn jẹ ni. Òyìnbó tó bá fẹ́ pè é dáadáa, ṣ ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó yá, Ìyá. Ṣá."

"Sá."

"Ṣá!"

"Mo ní sá!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo tọ́. Mo ní mẹ́fà, láìka tàwọn orogún mi. Ó ní, "Bí ẹ bá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ yín pé kó tọ̀, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?" Mo ṣe é fún un: ṣṣṣṣ. Ó pariwo, "Òun náà nìyẹn! Ẹ fi á sí i!"

Bí èmi arúgbó ṣe jókòó sórí àga onílé nìyẹn, tí mò ń mú ọmọ tí kò sí níbẹ̀ tọ̀. Kí n tó lọ kírun aláàsárì, ẹnu mi ti ń gbà á.

Láyé ìgbà tiwa, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé kò mọ orúkọ òun pè. Ìgbájú ló máa fi gba èsì. Wọ́n ní orúkọ mi kì í ṣe orúkọ mi, mo kúnlẹ̀. Ní báyìí, ọmọ ọdún méje yíjú, ó bá tiẹ̀ lọ, bàbá ẹ̀ ò sì nà án. Ká má purọ́, ó ti sú mi láti máa kọ́ nǹkan tuntun. Lónìí fóònù, lọ́la òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀túnla orúkọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá ọmọ náà lẹ́bi.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Sọ́ńdè, tí kì í ṣe ọjọ́ ìpè wa, mo ra dátà, mo ní kí Màmá Táyọ̀ bá mi tẹ nọ́ńbà náà kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jìnnìjìnnì bá Mùsílíù: "Màámi, ṣé kò sí o?" Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, mo pe ọmọ náà. Mo tún pè é. Mo wá ń gbọ́ ẹsẹ̀ kéékèèké tó ń sáré bọ̀ lórí ilẹ̀ onípákó.