Ọjọ́ Ètùtù Tíṣà Ọmọ́tọ́ṣọ́

Títí dòní ni wọ́n ń sọ ọ́ ní ọjà Aswani, bí Tíṣà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ṣe wá tọrọ àforíjì ní ìsọ̀ Àlàájì Mùktárù aláṣọ. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé ní àdúgbò Ire-Akari, àgbò Àlàájì jẹ ewébẹ̀ Tíṣà, Tíṣà sì bú u débi tó ti bú òkú ọ̀run.

"Mùktárù, mo bú ọ. Dárí jì mí."

"Ó ti tán, Tíṣà."

"O ṣeun. Ṣùgbọ́n àgbò rẹ ò lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ló sì ti kọ́ ọ."

Háà! Ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ Mùktárù lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún jà.

Tíṣà kì í ṣe Júù o, ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé ni. Ó kàn rí Ọjọ́ Ètùtù àwọn Júù nínú Bíbélì ni, ó ní bí Ọlọ́run ò bá fagi lé e, ta ni òun? Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, á bẹ àwọn tó ṣẹ̀, á wá gbààwẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́ kejì, kò ní í fẹnu kan omi.

"Ààwẹ̀ wo ni kò ní sààrì?" Mùktárù á bi í.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jí jẹun lóru, ààwẹ̀ nìyẹn àbí àsè?"

Nígbà tó yá, ìtọ̀ ṣúgà mú Tíṣà. Dókítà ní bó bá gbààwẹ̀, ó lè kú. Tíṣà ní kí dókítà lọ bá Mósè sọ ọ́. Ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Oyinkán, bá sáré tọ Mùktárù lọ: "Àlàájì, ẹ gbà mí o!"

Mùktárù wọlé. "Tíṣà, ẹ jẹun. Èmi á gba ààwẹ̀ náà fún yín."

"Ìwọ onísààrì?"

"N ò ní í jẹ ẹ́."

"Omi ńkọ́?"

"N ò ní í mu ún."

Tíṣà rò ó títí. "Wá jókòó síbí, kí n máa ṣọ́ ọ."

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọ̀fun Mùktárù ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn. Tíṣà ń jẹ ẹ̀wà níwájú rẹ̀, ó sì ń sọ bí epo rẹ̀ ṣe dùn tó. Lójijì ló gbé ṣíbí sílẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Mùktárù, ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀ o. Ṣé wàá lè gbé e?"

"Ẹ jẹun, Tíṣà."

Ọdún mẹ́ta ni Mùktárù gbà á fún un kí Tíṣà tó jáde láyé. Lọ́dún yìí, Ìyá Oyinkán ní kó sinmi, pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ fún ti lọ sinmi. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ṣe wọ̀, Mùktárù dé, ó jókòó sí pálọ̀ wọn láti gbààwẹ̀ náà. Ó ní àárò Tíṣà ń sọ òun. Ó ní ní gbogbo ọdún tí ọkùnrin yẹn fi ń bẹ òun, òun ò bẹ̀ ẹ́ rí.