Ojú Ìwé Kejìlá Tí Wọ́n Yọ Dànù

Tuulikki Hietanen kú ní oṣù Keje, nínú ilé rẹ̀ ní ìlú wa létí òkun, ní àríwá Fínláńdì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọtí ló pa á, bí ìwé dókítà ti wí. Ìwé náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán.

Ṣáájú oṣù yẹn, ọdún mẹ́rìnlá ni obìnrin yìí kò fi fẹnu kan ọtí. Ó fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ ṣe ìwé pélébé kan fún àwọn obìnrin tó ń gbìyànjú láti já ara wọn gbà lọ́wọ́ ọtí. Kì í dá a kọ. Á jókòó tì wọ́n nídìí kọfí, á ní kí wọ́n ka ohun tó kọ sókè. Ibi tí ẹni tó ń kà bá ti kọsẹ̀, á fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i, á ní, "Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, kì í ṣe tìẹ."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Raili, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù méjì láìmutí, ju ìwé náà sórí tábìlì torí pé kò mẹ́nu kan sáúnà, ilé ooru tí a ti ń wẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ dáa. Nínú sáúnà wá ńkọ́? Tí mo bá jókòó sínú ooru yẹn, kí ni kí n fọwọ́ mi ṣe? Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni agolo bíà ti wà níbẹ̀."

"Fi bo ẹnu ẹ," obìnrin kan dá a lóhùn.

"Tìẹ ni màá kọ́kọ́ bò!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Tuulikki nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ojú ìwé kejìlá ṣe dé nìyẹn: fi ọwọ́ méjèèjì di ìdì ewé tí a fi ń na ara nínú ooru mú, jókòó sí tòsí ilẹ̀kùn, má bá ẹni tó ń mutí wọlé. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni nọ́ńbà fóònù kan tí àwọn obìnrin náà ń pín dáhùn láàárín ara wọn lójoojúmọ́, ẹni tó bá kàn ni yóò gbé e, àgàgà ní oṣù Keje, nígbà tí gbogbo ìlú bá ti kó lọ sí etí adágún, tí bíà sì wà nínú gbogbo sáúnà.

Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì ìlera ìlú gba ìwé náà láti máa tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra wọn. Wọ́n fi òdòdó dúpẹ́ lọ́wọ́ Tuulikki. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Vuorela, ní, "Sáúnà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera. Kí la fẹ́ wí fún àwọn dókítà?"

"Ẹ wí fún wọn pé ibẹ̀ la ti ń mu ún, sà," Tuulikki dá a lóhùn.

Wọ́n yọ ojú ìwé náà, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n fi àwòrán ẹ̀dọ̀ rọ́pò. Wọ́n kùn ún dáadáa. Ṣé obìnrin kan wà nílùú yìí tó ń mutí nítorí pé kò mọ ibi tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà? Nọ́ńbà ọ́fíìsì ni wọ́n sì fi rọ́pò nọ́ńbà àwọn obìnrin náà.

Lẹ́yìn ikú Tuulikki, àbúrò rẹ̀ fi fóònù olóògbé náà hàn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tuulikki pe nọ́ńbà ọ́fíìsì yẹn ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, kó tó padà sídìí ọtí. Èmi náà pè é. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló dáhùn: "A wà ní ìsinmi. A ó padà ní oṣù Kẹjọ."

Mo bi Raili léèrè ìdí tí Tuulikki kò fi pè é.

"Ojú tì í ni. Òun ló kọ́ wa, báwo ló ṣe máa sọ fún mi pé òùngbẹ ọtí ń gbẹ òun? Tó bá jẹ́ ètò wa àtijọ́ ni, ẹni tó bá kàn ló máa gbé e. Kò ní máa ṣa ẹni tí ojú máa tì í lọ́dọ̀ ẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò wá síbi ìsìnkú láti ọ́fíìsì. Wọn kò tíì dé láti ìsinmi. Nígbà tí wọ́n dé, lẹ́tà wọlé sí ilé olóògbé náà: wọ́n ń bẹ Tuulikki kó wá sọ èrò rẹ̀ nípa ìwé tuntun. Vuorela fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Vuorela, ìdáhùn tí a kọ sílẹ̀ ni mo fẹ́, kí orúkọ ènìyàn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ta ló pàṣẹ kí wọ́n yọ ojú ìwé kejìlá? Ta ló gbà kí fóònù náà dákẹ́ ní oṣù Keje? N kò retí pé ẹ ó dáhùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ṣùgbọ́n Raili ṣì wà láàyè, oṣù Keje mìíràn sì ń bọ̀. Ẹ dárúkọ ẹni tí yóò gbé fóònù náà.