Ère tí Ògúndèjì Gbẹ́ fún Ìyá Ìbejì

Ère ìbejì ni Ògúndèjì ará Òkèhò ń gbẹ́. Iṣẹ́ baba rẹ̀ ni. Ní ayé ìwé ọ̀fẹ́ tí à ń wí yìí, igi ìrè ti wọ́n. Àwọn tó ń yan tábà ti gé e dáná. Ìtì kan ṣoṣo tó gbẹ dáadáa ló kù lájà rẹ̀.

Ojúọlápé, ìyàwó tíṣà kan ní Ilua, pọn ọmọ wá bá a.

"Ẹ kúuṣẹ́, Bàbá. Kẹ́hìndé ti lọ sọ́jà."

Báyìí là ń sọ ọ́. A kì í sọ pé ìbejì kú.

"Pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì."

"Táíwò rèé. Kò jẹun mọ́. Ẹ bá mi gbẹ́ ìkejì rẹ̀, kó má baà tẹ̀lé e."

Ògúndèjì wo ojú ọmọ náà. "Ilà dà?"

"Bàbá wọn ní ayé ti là, wọn ò ní kọlà fọ́mọ. Ẹ má kọ ọ́ sí ère náà, kí Táíwò lè mọ̀ ọ́n."

"Àwọn tíṣà yìí! Bó bá wá sọnù lọ́jà ńkọ́, ilé ta ni wọn yóò mú un lọ?"

Ojúọlápé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹkún sì gbà á.

Ògúndèjì gbẹ́ ẹsẹ̀, ó gbẹ́ ọwọ́, ó gbẹ́ irun. Nígbà tó kan ojú, ẹkún obìnrin yẹn ló ń rò. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti bu àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, bó ti ń ṣe láti kékeré.

Ilà kò ṣeé dí. Bó bá sì fi igi tútù gbẹ́ òmíràn, yóò là. Ló bá ń fi ọ̀bẹ fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, títí ilà fi pòórá.

Nígbà tí Ojúọlápé padà wá, ó gba ère. Ó wò ó pẹ́.

"Ta ló sọ fún yín pé ó rù tó báyìí?"

"Ìyá Ìbejì…"

"Ojú àìsàn rẹ̀ nìyí, Bàbá. Òun gan-an ni. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ máa wẹ̀, kí n máa bọ́."

"Ọwọ́ mi ló ṣì í. Mo kọlà, mo wá fá a kúrò. Jẹ́ kí n wá igi mìíràn. Tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀, yóò ti gbẹ."

"Ṣé Táíwò á dúró dọ̀gbẹlẹ̀?"



Ojúọlápé ki ère náà bọ inú ìró, ó kọ ojú rẹ̀ sí ara. Ó tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọn, ó sì mú ọ̀nà Ilua pọ̀n.