Ìyá Àgbà Bá Ọba Gíríìkì Kẹ́dùn

"Ọmọ ẹ̀ kú?" Ìyá àgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Iṣu tí wọ́n ń bó dúró ní ìdajì, èèpo rẹ̀ ń fì létí ìkòkò. "Ọmọ ọba fúnra ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, ní Peckham, nílùú òyìnbó. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Lẹ́yìn iléèwé, kíṣìnì wọn ni mo máa ń jókòó sí, níbi tí òórùn ata díndín àti tùràrí ti ń bára wọn jà. N óò máa ka ìwé mi, n óò sì máa fi Yorùbá mi tó ń tàsé túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ yẹn, eré àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Gíríìkì ni. Ọba kan búra níwájú gbogbo ìlú pé ẹni tó bá rú òfin òun, kíkú ni yóò kú. Àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ ló rú u. Wọ́n bẹ ọba títí, ó kọ̀. Ìgbà tó yíhùn padà, tó sáré lọ dá ọmọbìnrin náà sílẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọmọbìnrin náà ti kú, ọmọ ọba sì pa ara rẹ̀ tẹ̀lé e.

"Serves him right, Grandma," ni mo sọ. "Gbogbo class wa ló ní wicked man ni."

"Dákẹ́ jàre. Ta ní sọ pé ìkà ni? Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ó fẹ́ yí i padà, ojú ló ń tì í. Áà, bàbá ọlọ́mọ!" Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. Kò sì sí àlùbọ́sà kankan nílẹ̀.

Mo mọ ibi tí omijé yẹn ti wá. Oṣù mẹ́jọ ṣáájú ni ìyàwó Uncle mi, àbíkẹ́yìn wọn, bímọ ní Sydenham. Ìyá àgbà ti mú orúkọ dání fún ọmọ náà. Àmọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, bọ́ọ̀sì ń yí kiri, Alfa sì ní ìsọmọlórúkọ mìíràn tó ń lọ. Kí Ìyá àgbà tó débẹ̀, wọ́n ti sọmọ lórúkọ, wọ́n ti ń jẹ sàárà. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, tàwọn ti báàgì. "Wallahi, mi ò ní fẹnu kan omi nílé yìí mọ́ láyé!" Ìyàwó Uncle mi náà fèsì pé bí omi òun kò bá dára fún Mummy, ọmọ òun kò ní dé ilé Mummy. Ọmọ ti ń rákò, Ìyá àgbà kò tíì gbé e rí. Fóònù ni wọ́n fi ń rí i. Bàbá mi bẹ̀bẹ̀ títí ó rẹ̀ ẹ́.

"Ní Gíríìkì yẹn," Ìyá àgbà béèrè, "ṣé wọn ò ní kàfárà ni?"

Mo ní kí ni kàfárà.

"Ẹni tó bá búra, tó wá rí i pé ìbúra yẹn ò dáa, á fún aláìní mẹ́wàá lóúnjẹ, á sì jára ẹ̀ gbà. Ọlọ́run ò sé ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni." Wọ́n wo iṣu tó wà níwájú wọn. "Oṣù mẹ́jọ nìyí tí mo ti mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì rẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n se ìrẹsì àti ẹja tútù tí a rà ní Rye Lane, a bù ú sínú abọ́ mẹ́wàá, a sì gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí fún àwọn aláìní. Lọ́jọ́ kejì, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sydenham. Wọ́n di ọwọ́ mi mú bíi pé èmi ni àgbà.

"Ṣé wọn ò ní lé mi ṣá?" ni wọ́n bi mí.

Ìyàwó Uncle mi ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyàwó mi," ni Ìyá àgbà wí, "òùngbẹ ń gbẹ mí."

Omijé lé ròrò sí i lójú. Ó wọlé, ó gbé omi wá, ó tún kúnlẹ̀. Ìyá àgbà ṣe bísímílà, wọ́n sì mu ún tán pátá.

Wọ́n wá na ọwọ́ sí ọmọ. Ọmọ figbe ta, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ọwọ́ Ìyá àgbà wà lófuurufú fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ má fipá mú un," ni wọ́n wí. "Kò mọ̀ mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é."

Wọ́n jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́ lọ́tọ̀. Kó tó di ìrun alásàrí, ọmọ ti rákò wá di ìka ẹsẹ̀ wọn mú.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí. Mo fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Bí mo bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ti dè é mọ́lẹ̀, tí àwọn èèyàn ń sọ pé ó tọ́ sí i, n kì í lè bá wọn sọ ọ́. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Lọ́dún tó kọjá, èmi náà fìbínú sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé n kò ní tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́ láé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lè fi ṣe é. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a ní Kennington. Ojú tì mí gan-an. Mo ṣáà lọ.