Hẹ́rọ́dù Onírùngbọ̀n Òwú

Èmi ni mo kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ wo eré ẹ̀fẹ̀ kan ní Woolwich, ní London níbí, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń ṣe láyé Queen Victoria. Obìnrin ló wọ ṣòkòtò ṣe ọba, ó lẹ irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ sínú orin tí gbogbo ayé mọ̀. Mummy tó jẹ́ olórí akọrin wa bá dìde fùú. Wọ́n ní ìríra ni kí obìnrin múra bí ọkùnrin. Gbogbo wa tẹ̀lé wọn jáde.

Nígbà tó di eré Kérésì ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo àwọn brother wà ní shift níbi iṣẹ́, kò ṣẹ́ ku ọkùnrin tó máa ṣe ọba. Mummy yìí kan náà ló ṣe Hẹ́rọ́dù. Wọ́n wọ agbádá ọkọ wọn, wọ́n fi òwú ṣe irùngbọ̀n, wọ́n gbé orin táwọn ọmọ wa ń jó ní club, wọ́n fi Jésù rọ́pò orúkọ ọmọge inú rẹ̀. Hẹ́rọ́dù ló ń yin Jésù o! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn ìsìn, Mummy dá mi dúró. "Iṣẹ́ Olúwa lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Mo ní kí wọ́n má bínú. Àmọ́ àwọn òyìnbó Woolwich yẹn, àwọn tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ làwọn ń ṣe.